Bàbá Olóhùn Wá Wo Fóònù Ẹlẹ́yẹ

Ọdún mẹ́fà ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Oyin ti fi ta fóònù kí bàbá rẹ̀ tó wá jókòó níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà. Kì í ṣe orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ló fi ahọ́n rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá wọlé pé òun kàn yà wò ni, bí Ẹnu-Oyin bá ti fi ọ̀rọ̀ pa á lórí díẹ̀, páálí fóònù ni onítọ̀hún máa gbé jáde.

Fóònù tí ọjà rẹ̀ yá jù níbẹ̀ ni èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹlẹ́yẹ, nítorí ẹyẹ kékeré tó na ìyẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní in kì í fẹ́ kí ó pẹ́ nínú àpò. Orí tábìlì ló máa ń dà á dé sí, kí aráyé lè rí ẹyẹ. Ẹnu-Oyin mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ó mọ èyí tó jáde lọ́dún yìí, ó mọ èyí tó jáde lọ́dún tó kọjá, ó sì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ tí oníbàárà kò fi ní rántí béèrè nǹkan tí kò yẹ kí ó béèrè.

Bàbá rẹ̀ náà, ohùn ló fi ń jẹun. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń jókòó nínú yàrá onídígí kan tó ga sókè ní ibùdókọ̀ reluwé, tó ń kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ. Olóhùn ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá ní, "Ẹ sún sẹ́yìn kúrò létí irin," ẹni tí kò tilẹ̀ sí nítòsí irin á sún. Bí ó bá kéde pé ọkọ̀ máa pẹ́, inú tó ń bí àwọn èrò á rọlẹ̀ díẹ̀, torí ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára ju wọ́n lọ. Nígbà tí Ẹnu-Oyin wà ní kékeré, abẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀ ló ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́yìn ilé ìwé. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ kí ó tó mọ̀ pé kì í ṣe bàbá òun ló ń pàṣẹ fún reluwé kí ó máa lọ.

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Wọ́n pè é ní òtútù. Wọ́n fún un ní omi gbígbóná, wọ́n fún un ní omi iyọ̀ kí ó fi fọ ọ̀fun, oṣù mẹ́ta kọjá lórí rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Olóhùn ti di ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tó ṣe, yẹ̀yẹ́ náà kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín mọ́, ìyàwó rẹ̀ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní nǹkan kan ti hù síbi tí ohùn ti ń jáde, gbogbo ibẹ̀ ni àwọn máa gé kúrò, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sì ku ọjọ́ méjìdínlógún.

"Ẹ̀mí yín la fẹ́ gbà là, bàbá," ni dókítà wí. "Ohùn ló máa lọ sí i."

"Ṣé kò ní ṣẹ́ kù rárá?"

"Èyí tí ẹ̀ ń fi bá mi sọ̀rọ̀ yìí, kò ní ṣẹ́ kù."

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn náà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ́ àwọn tí ohùn wọn ti lọ bí wọ́n ṣe máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ ni àwọn aláìsàn ń pè é. Ó mú tọkọtaya náà wọ yàrá rẹ̀, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ jókòó máa ka ọjọ́. Ó ní àwọn kan máa ń kó ohùn wọn pamọ́ kí ọjọ́ tó pé. Fóònù kan tilẹ̀ wà tó lè kọ́ ohùn èèyàn. Bí onítọ̀hún bá tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ohùn onítọ̀hún gan-an ló máa fi kà á jáde.

"Ẹ lọ wádìí rẹ̀," ó wí. "Ẹ sì tètè."

Ní ọjọ́ kejì, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, Ẹnu-Oyin gbé ojú sókè lẹ́yìn kọ́ńtà, ó rí bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ti gba nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹnikẹ́ni. Ẹnu-Oyin fẹ́ dìde lọ bá a, ó fi ọwọ́ dá a dúró. Ẹni mẹ́ta ló ṣáájú rẹ̀. Ẹnu-Oyin dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn, àmọ́ bí wọ́n bá ní kí ó búra, kò lè sọ ohun tí ẹnì kankan nínú wọn béèrè.

Nígbà tó kàn án, bàbá gbé ìwé nọ́ńbà lé orí kọ́ńtà.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"O kú iṣẹ́. Wọ́n ní Ẹlẹ́yẹ lè kọ́ ohùn èèyàn." Ọ̀rọ̀ náà ń jáde bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí lórí iyanrìn. "Wọ̀n ọ́n fún mi. Sọ dáadáa rẹ̀, kí o sì sọ àìdáa rẹ̀."

Ẹnu-Oyin bẹ̀rẹ̀ síbi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní Ẹlẹ́yẹ kì í ṣe fóònù lásán, pé ọ̀rẹ́ ni, pé ẹni tó bá ti mú un lọ́wọ́ . . .

"Èyí tí ò ń sọ fún oníbàárà nìyẹn," bàbá wí. "Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti orí bẹ́ǹṣì. Èmi ni mo bí ọ."

Ojú ti Ẹnu-Oyin. Ó gbé Ẹlẹ́yẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ rí.

Ó sọ fún un pé Ẹlẹ́yẹ kì í tètè gbó. Ẹni tí òun tà á fún lọ́dún tí òun dé ibẹ̀ ṣì ń lò ó. Àwòrán tó ń yà máa ń mọ́ kedere. Àtìpa rẹ̀ le: bí olè bá gbé e, irin àti dígí ló gbé. "Ní ti ohùn, sà, gbólóhùn àádọ́jọ ni ẹ máa kà sí i létí. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù yín ni ẹ lè tẹ̀, kódà ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ rí láyé. Mo ti gbọ́ ti ẹnì kan. Ó jọ èèyàn."

"Àìdáa rẹ̀ ńkọ́?"

"Dígí rẹ̀ kò gba ìṣubú. Tó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, owó dígí nìkan tó ra fóònù míì. Iná bátìrì rẹ̀ kì í mú ọjọ́ kan já bí èèyàn bá ń lò ó gidi. Ṣájà ẹlòmíì kì í bá a mu. Owó oṣù yín mẹ́rin ló máa gbé lọ, ẹ kò sì ní jẹun nínú rẹ̀."

"Ìyẹn kọ́ lò ń rò. Ojú rẹ sọ fún mi. Máa bá a lọ."

Ẹnu-Oyin fi aṣọ inura nu dígí kọ́ńtà níbi tí kò dọ̀tí. "Kò gbọ́ èdè wa, sà."

"Báwo ló ṣe jẹ́?"

"Èdè òyìnbó àti àwọn èdè míì ló gbọ́. Tiwa kò sí níbẹ̀. Gbólóhùn àádọ́jọ tí ẹ máa kà yẹn, òyìnbó ni. Ohùn yín máa wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òyìnbó ló máa máa sọ. Tí ẹ bá kọ tiwa sí i, ṣe ni á kàn máa gbé e lulẹ̀."

"Jẹ́ kí n gbọ́."

Ẹnu-Oyin mú èyí tí wọ́n so mọ́ kọ́ńtà fún àwọn tó fẹ́ dán an wò. Ó tẹ "Ẹ kú iṣẹ́ o" sí i, ó fi gbogbo àmì sí i. Ẹlẹ́yẹ la ẹnu, ó kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù kú ìṣẹ́. Ọ̀gá wọn tó ń ka páálí lọ́wọ́ yí ojú pa dà láti wo ẹni tó ń kí òun kú òṣì. Ọmọbìnrin tó wà ní kọ́ńtà kejì pa ẹnu mọ́ kí ó má rẹ́rìn-ín. Bàbá gan-an rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́, ikọ́ náà kò tètè tán. Nígbà tó tán, ó fi áńkáṣíìfù nu ẹnu.

"Gbogbo ọdún tí mo fi kéde ọkọ̀," ó wí, "wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé mo sọ iṣẹ́ di ìṣẹ́."

Kò ra nǹkan kan. Ó ní òun ń lọ rò ó wò. Bí ó ti jáde, ọ̀gá wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹnu-Oyin.

"Ṣé bí a ṣe ń tajà nìyẹn?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Mo mọ̀ pé bàbá ẹ ni. Mo ní, ṣé bí a ṣe ń tajà nìyẹn?"

Ẹnu-Oyin yí sí kọ́ńtà rẹ̀. Oníbàárà tó kàn ti jókòó, ó sì fẹ́ Ẹlẹ́yẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí yàrá iwájú nílé. Aṣọ ilé ìwé ni ìyá ń rán, yàrá náà sì kún fún un débi pé èèyàn ní láti fi ọwọ́ ya aṣọ kí ó tó rí àga. Ìyá ti pinnu tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n ra Ẹlẹ́yẹ. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ni òun ní, ọwọ́ méjì péré sì ni Ọlọ́run fún òun; òun lè ta ọ̀kan.

"Òyìnbó mélòó lo gbọ́?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Mo gbọ́ gúdù mọ́nì."

"Lẹ́yìn gúdù mọ́nì ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ gúdù mọ́nì títí ilẹ̀ á fi ṣú," ìyá wí. "Kó ṣáà ti jẹ́ ohùn yín. Ilé yìí kò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ̀ ọ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú ilé tó dákẹ́."

Kò sunkún. Ó mú òwú, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́, kò rí i.

Ẹnu-Oyin wá gbé àbá kejì kalẹ̀ fún wọn. Ó ní fóònù pọ́ọ́kú kan wà tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tàwọn kì í tilẹ̀ tà á. Kì í kọ́ ohùn. Ó kàn máa ń gba ohùn sílẹ̀ ni, èèyàn sì lè to àwọn ohùn náà sójú rẹ̀ kí ó máa fi ìka kan tẹ̀ wọ́n. Iná rẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́ta. Bó ṣubú, á dìde. "Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sọ sí i nìkan ló máa sọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá fi síbẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó pé, kò sí ibi tí a tún ti máa rí i. Ẹlẹ́yẹ kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu yín láéláé, àmọ́ àjèjì ló máa máa sọ ọ́. Èyí máa sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ó kàn máa tán ni."

Bàbá ń fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì ara aṣọ ọmọ ilé ìwé kan tó rọ̀ létí rẹ̀.

"Ẹ wò ó," ó wí nígbà tó yá, "nínú yàrá dígí yẹn, gbólóhùn tí mò ń lò kò ju ogójì lọ. Ọkọ̀ ń bọ̀, ọkọ̀ ń lọ, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ má bínú. Ogójì gbólóhùn ni mo fi bọ́ ilé yìí. Ẹ jẹ́ ká wo iye tí mo lè kó jọ."

Bí wọ́n ṣe ra fóònù pọ́ọ́kú nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù.

Àárọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, torí àárọ̀ ni ohùn rẹ̀ máa ń ṣí díẹ̀. Yàrá aṣọ náà ni wọ́n lò. Aṣọ tó rọ̀ káàkiri kì í jẹ́ kí ohùn ta pa dà lára ògiri. Ìyá á pa ẹ̀rọ ìránṣọ, Ẹnu-Oyin á di fóònù mú, bàbá á jókòó ṣánṣán bí ẹni tí reluwé ń dúró dè. Wọ́n gba ìkíni àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́. Wọ́n gba "Ebi ń pa mí" àti "Mo ti yó." Wọ́n gba "Ẹ má ṣe ìyọnu," "Níbo lo gbé e sí?" àti "Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́," èyí tí ìyá ní dandan ni torí kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò ní nílò rẹ̀.

"Bí inú bá bí yín ńkọ́?" ìyá béèrè lọ́jọ́ kan.

Bàbá ronú, ó sì wí sí fóònù pé, "Ọ̀rọ̀ yìí tó gẹ́ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ṣe ń sọ ọ́. Ẹ máa ń jágbe ni."

Ó gbìyànjú láti jágbe. Ohùn náà ya sí méjì, ó kú sí ọ̀fun. Ìyá yára ní kí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, pé òun máa mọ̀ pé ariwo ló fẹ́ pa.

Lọ́jọ́ keje, bàbá ní kí Ẹnu-Oyin gba àdúrà tí òun máa ṣe fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu-Oyin ní kò tíì sí ọkọ. Bàbá ní òun kò béèrè ọkọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ mi, ibi tí ò ń lọ yìí, wàá bá ire níbẹ̀. Ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ tọ́, á dàgbà lójú rẹ. O ò ní wá mi kí o má rí mi." Ẹni tó bá gbọ́ èyí lórí fóònù náà, á gbọ́ ìró kan tó ń gbọ̀n kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lábẹ́ ohùn bàbá. Ọwọ́ Ẹnu-Oyin nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ohùn kò jáde rárá. Ní ọjọ́ kẹwàá, gbólóhùn mẹ́rin. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, àwọn ará ibùdókọ̀ gbà kí ó wá kéde ọkọ̀ aago méjì. Ẹnu-Oyin dúró láàárín èrò nísàlẹ̀. Ohùn tó jáde kò ga, ó há, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣì pè. Ó sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ó dárúkọ gbogbo ibi tó máa dúró sí, ó ní kí àwọn èrò sún sẹ́yìn. Wọ́n sún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹrù wọn ni wọ́n ń wò. Fóònù wà nínú àpò Ẹnu-Oyin, kò sì rántí yọ ọ́.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó jẹ́ kí bàbá wá sílé. Ó ti rù, ihò kékeré kan sì wà lọ́rùn rẹ̀ tó ń gbà mí, tí wọ́n fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ bò. Ìyá ń ránṣọ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá yọ fóònù, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"O kú iṣẹ́, ìyàwó mi."

"Ẹ ṣeun, ẹ káàbọ̀ o," ni ìyá dáhùn, ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

Wọ́n fi bàbá síbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní ibùdókọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Fóònù pọ́ọ́kú náà ń ràn án lọ́wọ́ níwọ̀nba. Ohun ẹgbẹ̀rún kan ló wà tí kò lè sọ, ó sì ń kọ ìwọ̀nyẹn sínú ìwé kékeré tó wà lápò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Ẹnu-Oyin wá kí wọn. Bàbá rí i, ojú rẹ̀ tàn, ó mú fóònù, ó ń wá nǹkan. Ó wá a lọ sókè, ó wá a bọ̀ nísàlẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyá ní kí ó jẹ́ kí òun bá a wá a, ó mi orí. Nígbà tó yá, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé: "Oríkì rẹ." Ó tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Mo gbàgbé."

Lóòótọ́ ni. Nínú gbogbo gbólóhùn mẹ́tàlélógóje tí wọ́n kó jọ, oríkì Ẹnu-Oyin kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni bàbá ti ń fi oríkì pè é bó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì sí ẹni tó rántí pé ohun tí èèyàn lè pàdánù ni. Ẹni tó ń mí kì í ka èémí.

"Kò burú, sà," Ẹnu-Oyin wí. "Mo ti gbọ́ ọ tó."

Irọ́ ló pa. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró sídìí okùn aṣọ títí ojú rẹ̀ fi gbẹ. Ohun tó ń rò níbẹ̀ ni pé Ẹlẹ́yẹ ì bá pè é. Ohùn bàbá òun ni ì bá fi pè é, ì bá sì pè é bí orúkọ ẹlòmíì. Ó wọ̀n ọ́n lọ, ó wọ̀n ọ́n bọ̀, kò mọ èyí tí òun ì bá mú bí wọ́n bá tún ní kí òun mú.

Ó pa dà wọlé. Ó jókòó síwájú bàbá rẹ̀ tí orúnkún wọn fi kanra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí bàbá ṣe máa ń fà á. Ètè bàbá ń bá a lọ. Kò sí ohùn, àmọ́ ètè náà ń pè é, kò fo ibì kankan. Láti ọjọ́ náà, bí Ẹnu-Oyin bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ètè bàbá á mì, òun náà á dáhùn pé, "Sà."

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ gbọ́ nípa gbólóhùn mẹ́tàlélógóje náà, ó sì ránṣẹ́ pe Ẹnu-Oyin. Ó ní àwọn aláìsàn ń béèrè fóònù lọ́wọ́ òun lójoojúmọ́, òun kò sì mọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí lọ. Láti ìgbà náà ni Ẹnu-Oyin ti ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Á to fóònù mélòó kan sórí tábìlì, á wọ̀n wọ́n fún wọn lójú ara wọn. Tíṣà kan wá, tó jẹ́ pé èdè òyìnbó ló fi ń kọ́ ọmọ, Ẹnu-Oyin ní kí ó ra Ẹlẹ́yẹ láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rà á, ó ń kọ́ ọmọ títí dòní. Àwọn míì, ó ní kí wọ́n fi owó wọn sápò. Ní ṣọ́ọ̀bù pàápàá, bí ó ṣe ń tajà ti yàtọ̀. Ọjà tó ń tà kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá tà kì í pa dà wá. Ọ̀gá rí i, kò sọ pé ó dára, kò sì sọ pé kò dára.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, alápatà kan ló wá, ọkùnrin gìrìwò, tí ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di afẹ́fẹ́ tán. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù fún un. Ó jókòó ti Ẹnu-Oyin, ó wo fóònù tí ọmọbìnrin náà dì mú síwájú ẹnu rẹ̀, ó ń nu ọwọ́ sí itan.

"Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?"

"Ọmọ mélòó lẹ bí, sà?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ẹ pè wọ́n ní oríkì wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Alápatà náà tẹ́ ìka rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ń kà wọ́n. Ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí àbíkẹ́yìn, torí ọmọ náà ni kò tíì gbọ́ oríkì tirẹ̀ tó. Ẹnu-Oyin tẹ bọ́tìnnì, ó fi ọwọ́ kejì ti ọwọ́ tó fi di fóònù mú kí ó má baà gbọ̀n.